Má Dà Á Nù

Bí kànga àdúgbò wa bá gbẹ lóṣù Èrèlé,
omi tí ìyá mi fi ṣan ìrẹsì ni yóò fi fọ abọ́,
omi abọ́ ni yóò bu sídìí ata lẹ́yìnkùlé.
"Má dà á nù," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí,
"o ò mọ ẹni tí yóò pọn òmíràn."
Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí,
garawa ti pá mi lórí.

Aago méjì òru, ilé ìwòsàn Ẹ̀fọ̀n,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí àgbà tó fa tábà sómi.
Ọmọ́yájowó, aránṣọ, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n:
oyún sọ̀ sí ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀,
ojú ọ̀nà ló bẹ́ sí.
Ikùn rẹ̀ le bí iṣu tí kò jiná,
abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

A ṣí fìríìjì ẹ̀jẹ̀.
Iná inú rẹ̀ tàn sí irin òfìfo
àti ike omi ẹnìkan.
Fálúyì ọkọ rẹ̀ ká apá ẹ̀wù sókè:
"Ẹ fà á. Ẹ fà á tán."
Kò bá tìyàwó mu.
Adó ńkọ́? Kọ́nà lé kọ́nà títí dé Arámọkọ,
òjò sì ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́.

Dókítà Ọ̀ṣúntúyì ti fi abẹ lélẹ̀, ó wò mí:
"Sísítà, ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ ń wá kiri?
Tirẹ̀ nìyí, ó kún ikùn rẹ̀.
Ẹ gbé ìgbákọ wá."

Kì í ṣe ẹ̀rọ. A ò ní ẹ̀rọ.
Ìgbákọ ni, tí a ti sè títí
ó fi gbàgbé pé ọbẹ̀ wà láyé.
Gọ́ọ̀sì ìpele mẹ́rin lẹ́nu abọ́ irin,
àpò tí oògùn tí kì í jẹ́ kó dì wà nínú rẹ̀.
Ó bù, mo sẹ́.
Ó bù, mo sẹ́,
bí ẹni ń sẹ́ ògì fún ọmọ tí ebi ń pa.
Èyí tó ti dì jókòó sórí aṣọ.
Èyí tó ṣàn, ó gbóná.
Mo ti gbàgbé pé yóò gbóná.

Ẹ̀kán kan já bọ́ sórí bàtà mi.
Mo gbọ́ ohùn ìyá mi,
ẹni tó ti lọ láti ọdún mẹ́fà.

Àpò kìíní, a so ó kọ́. Èkejì. Ẹ̀kẹta kò kún.
Wọ́n ní odò tó gbàgbé orísun, gbígbẹ ló ń gbẹ.
Wọn ò sọ fún wa
pé èèyàn lè máa bu odò lábọ́ lábọ́
padà sí orísun.
Ẹ̀jẹ̀ náà ò ṣe bí àlejò,
kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ inú oyún ni kò ṣeé dá padà.
N kò ní í purọ́ fún yín.
Orúkọ rẹ̀ ní ọmọ yá ju owó,
a ò rí ọmọ gbé fún un.

Ìkùukùu ṣì bo òkè nígbà tí Fálúyì dìde lórí bẹ́ǹṣì,
ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ mélòó ni mo jẹ yín?"
Mo ní owó abẹ wà ńlẹ̀ o, bàbá,
ṣùgbọ́n tẹ̀jẹ̀, aya yín ló yá ara rẹ̀.
Ó wò mí bíi pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà lanu. Ètè rẹ̀ gbẹ.
"Ulé," ló wí,
bí àwa ará ibí ṣe ń pè é.
Kò sọ òmíràn.

Mo lọ fọ ìgbákọ.
Omi tí mo fi fọ̀ ọ́, mo dà á nù.
Ìyá mi, ẹ má bínú.